Irọ́, ẹ̀tàn, ìyẹra: bí ẹ ṣe lè mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu gan-an

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín l'Óṣogbo mú ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ wá bá mi ní Òkè-Fìà, pẹ̀lú ẹ̀dà èsì tó ti fún ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun yẹra fún ọkùnrin tó wá yẹ ìwé owó wò, nítorí pé ọkùnrin náà ti bú òun lójú àwọn oníbàárà, òun ò sì fẹ́ kí ó dìjà. Ohun tó kọ ni "I evaded the auditor." Gbólóhùn yẹn ti di ìjẹ́wọ́ lójú ọ̀gá. Ẹni tó bá "evade" ẹni tó wá yẹ owó wò ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ká ní "avoided" ló kọ, yóò ṣì ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pe ara rẹ̀ ní olè.

Mo ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ fún ìdánwò, mo sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn àgbà tó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti há a sórí pé "tàn jẹ" ni "deceive", "yẹra" ni "avoid" tàbí "evade", wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nínú Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, kò sí ẹni tó máa pe ẹni tó díbọ́n ní ẹni tó lu jìbìtì. A ti ya àwọn ìwà wọ̀nyí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ìyàtọ̀ tí ẹ ti mọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi wá ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àkọsílẹ̀ àti báírò.

Ìwé atúmọ̀ èdè tó ń fi gbólóhùn ṣe àpẹẹrẹ, bí Oxford Advanced Learner's Dictionary tàbí Longman Dictionary of Contemporary English. Èyí kékeré tó ń wọ àpò, tó kàn kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú ọ̀rọ̀ mìíràn, ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má fi ìtàn àtọwọ́dá ṣe é, torí ọkàn kì í di ọ̀rọ̀ mú bí kò bá rí ohun tó so ó mọ́.

Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Ìgbésẹ̀ kẹrin nìkan tó iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin

Èyí ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí a óò máa lò. Màmá kan kó léèsì fún télọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá pé. Télọ̀ ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ náà. Màmá wọlé, wọ́n bi í pé, "Aṣọ mi dà?"

Kí ẹ tó ronú kan Gẹ̀ẹ́sì kankan, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí nípa ẹni tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀:

1. Ṣé ó la ẹnu sọ nǹkan, àbí ó kàn kúrò níbẹ̀?
2. Tó bá sọ̀rọ̀, ṣé ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́?
3. Ṣé ó mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́?
4. Ṣé ẹni tó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, ṣé ó sì pàdánù nǹkan nítorí rẹ̀?

Ibi tí a ti ń ṣìnà: a máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, a ó kàn kọ "He deceived me" torí pé inú ń bí wa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí gbólóhùn Yorùbá yín bá ṣì dúró sórí "ó tàn mí" nìkan, ẹ ò tíì parí. Ẹ yọ "tàn" kúrò, kí ẹ kọ ohun tí ọwọ́ tàbí ẹnu rẹ̀ ṣe gan-an.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya sísá kúrò lára irọ́

Bí ìdáhùn yín sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ pé ó kúrò níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìyẹra lẹ ń wá. Ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ irọ́.

"Avoid" kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Mo máa ń yẹra fún Old Garage nírọ̀lẹ́ nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ: "I avoid Old Garage in the evening." Tí ẹ bá kọ "I evade Old Garage", ẹni tó kà á yóò béèrè pé ta ló ń lé yín.

"Evade" ní ẹlòmíràn nínú, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí yín mú, láti gbowó lọ́wọ́ yín tàbí láti gba èsì lẹ́nu yín, tí ẹ sì fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń "evade" ọlọ́pàá, owó orí, ojúṣe, ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ owó orí ló fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù. Òṣìṣẹ́ tó ń fi owó sí àpò ìfẹ̀yìntì, tí òfin sì ní kí wọ́n yọ owó náà sẹ́yìn kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Òfin ló là á sílẹ̀ fún un. Dídín owó orí kù láì kúrò nínú òfin báyìí ni "tax avoidance". Oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Ìgbóna, tó sì sọ fún ìjọba pé ẹyọ kan ni òun ní, ti wọ inú "tax evasion", ìyẹn sì jẹ́ ọ̀ràn. Ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ìwé, ẹ ti fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Elude" ń wo àbájáde: wọ́n wá a, ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò lẹ́mìí náà lè ṣe é. Bí orúkọ ẹnìkan bá wà létè yín tí kò jáde, "His name eludes me." Oorun tó kọ̀ tí kò wá: "Sleep eluded me."

"Dodge" ni yíyẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yẹ òkò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ má lò ó nínú ìwé tó ń lọ sí kóòtù. Ojúṣe àti iṣẹ́ nìkan la máa ń "shirk": "He shirked his duty."

Ẹ kíyè sí ohun tó ń tẹ̀lé wọn. "Avoid paying", "evade paying". "Avoid to pay" kò sí níbì kankan, mo sì ń fi báírò pupa fa ilà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi "bẹ́ẹ̀ ó sì jẹ́ dandan fún un" kún ẹ̀yìn gbólóhùn Yorùbá yín. Tó bá wọlé, "evade" ni. Tí kò bá wọlé, "avoid" ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Irọ́ gan-an: "lie", "deceive", "mislead"

Ẹ jẹ́ ká fi télọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ bá ẹ̀jẹ́ńtì ilé. Ó mú yín lọ wo yàrá méjì kan ní Ògo-Olúwa. Ẹ béèrè omi. Ẹ wo èsì mẹ́ta tó lè fọ̀.

Èkíní: "Omi kì í tán nínú kànga yìí." Ó sì mọ̀ pé tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, gbẹ́dẹ́ ni kànga náà ń gbẹ. Irọ́ ni. "He lied to me."

Èkejì: "Ẹ wo kànga nínú ọgbà, ẹ wo ìkérè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Òótọ́ pátápátá ni. Kànga wà, ìkérè wà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ máa gbà pé omi wà nínú rẹ̀ yípo ọdún, ó sì dákẹ́. Kò purọ́. Bí ẹ bá kọ "He lied to me" sínú ìwé ẹ̀sùn, òun náà máa dìde, yóò ní kí ẹ tọ́ka sí irọ́ tí òun pa, ẹ ò sì ní rí i tọ́ka sí. "He misled me" ni ẹ máa kọ. Kò sí bó ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ̀kẹta: ó ní omi wà, torí pé ohun tí onílé sọ fún òun nìyẹn, òun náà sì gbà á gbọ́. Ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀. "He was wrong." Ẹ lè fi "misled" sí èyí náà, nítorí èèyàn lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà láì mọ̀ọ́mọ̀. Pátákó tó tọ́ka sí ibi tí kò yẹ lè ṣe é: "The signboard misled us." Pátákó kò lè "lie".

"Deceive" ní tirẹ̀ kì í pé àfi bí ó bá jẹ. Tí ẹ̀jẹ́ńtì bá purọ́ tí ẹ ò gbà á gbọ́, ó ti "lie", ṣùgbọ́n kò tíì "deceive" yín. "He lied to me, but I was not deceived" tọ́ dáadáa. Tó bá gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe, ẹ kọ "He tried to deceive me." Àwa náà ń sọ pé "ó fẹ́ tàn mí, n ò gbà".

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ nìyí. Nínú Yorùbá, "irọ́ ni!" kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀sùn. A ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà wá lẹ́nu. A ń sọ ọ́ fún ẹni tó kàn ṣe àṣìṣe. Tí ẹ bá wá gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ sọ fún ọ̀gá yín níbi ìpàdé pé "It is a lie", ẹ ti pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. "That is not correct" ni ẹ fẹ́ sọ. Mo mọ ẹni tí gbólóhùn yẹn ba àárín òun àti ọ̀gá rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ mọ́.

Àwọn kéékèèké ibẹ̀: "He lied to me", kì í ṣe "He lied me". A ń purọ́ *fún* èèyàn, ẹ jẹ́ kí "fún" yẹn rán yín létí "to". "Mislead" di "misled" tó bá ti kọjá, kò sí "a" nínú rẹ̀ mọ́. "Fib" ni irọ́ kékeré tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, irú èyí tí ọmọdé ń pa nítorí ṣúgà. "Fabricate" ni kí èèyàn jókòó ṣe ohun tí kò sí rárá, bíi rìsíìtì ayédèrú. "Perjury" ni irọ́ tí a pa lẹ́yìn tí a ti búra ní kóòtù, ẹ má sì lò ó fún irọ́ ojú títì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bi ara yín pé, "Tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí gbólóhùn irọ́ náà, ṣé mo lè tọ́ka sí i?" Bẹ́ẹ̀ ni: "lie". Rárá: "mislead".

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹnu télọ̀

Ibí ni àwọn ọmọ mi ti ń ṣubú jù, ẹ rọra kà á. Màmá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Aṣọ mi dà?"

"Orí máṣíìnì ni aṣọ yín wà báyìí, mà." Òótọ́ ni. Ó ká léèsì náà, ó gbé e lé orí máṣíìnì tí kò ṣiṣẹ́. Màmá gbọ́ pé ó ń rán an lọ́wọ́. Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ méjì, ó sì mọ èyí tí màmá máa mú. Ó "equivocate". Ọ̀rọ̀ olójú méjì ni. Tí kò bá sí ìtumọ̀ méjì nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má lò ó.

"Háà, màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò fún wa ní iná látàná? Ọmọ iṣẹ́ mi náà ò wá, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹ jókòó, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra omi fún yín." Ó sọ̀rọ̀ títí, kò dáhùn. Ó lọ́ ọ̀rọ̀ yí ká kó má bàa dórí òtítọ́. "Prevaricate" nìyẹn.

Ó kó aṣọ náà sí igun ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la lòun máa bẹ̀rẹ̀. Fòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la. "Procrastinate" nìyẹn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń fi "prevaricate" sí ipò "procrastinate", nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín tó bá dà yín láàmú. Ẹ di èyí mú: ẹnu ni "prevaricate", àkókò ni "procrastinate". Télọ̀ "procrastinated" fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ló wá "prevaricated" nígbà tí màmá dé.

Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tí kò gbé gbèsè kankan lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ àyà rẹ̀ ń já. Ó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́. "Dissemble" nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra, "disassemble" ni kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ló yà wọ́n.

Ó di orí mú, ó ní ibà ń ṣe òun. Kò sí ibà. "He feigned illness" tàbí "He pretended to be ill." Ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ń fi sí ẹ̀yìn "feign", "to" ni a sábà máa ń fi sí ẹ̀yìn "pretend". Díbọ́n ni méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì, ó rí màmá lọ́ọ̀ọ́kán, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ ti mọ ìyẹn láti ìgbésẹ̀ kejì.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: "He equivocated me", "He prevaricated my mother." Kò sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kì í gba èèyàn ní àbọ̀. Ẹ kọ "He equivocated when I asked about the cloth."

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wá "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" nínú ohun tó sọ. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan tí kì í ṣe òótọ́, "lie". Tí ẹ bá lè rí méjèèjì nínú gbólóhùn kan náà, "equivocate". Tí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí ọ̀kankan, "prevaricate", tàbí kí ẹ kọ "He evaded the question", tó rọrùn jù, tí kò sì ní kó yín sí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ 5: Tí owó bá ti wọ̀ ọ́

"Defraud" ni lílu jìbìtì, ọ̀rọ̀ òfin ni: "He defrauded me of my money." "Of" ni, kì í ṣe "from". "Cheat" gba "out of": "He cheated me out of my share." "Trick" gba "into": "He tricked me into signing." "Dupe" ń sọ pé wọ́n fi yín ṣe gọ̀ǹgọ̀sú. Tó bá jẹ́ ìwé ọlọ́pàá lẹ ń kọ, "I was duped" nìkan kò tó, torí ó sọ ohun tó ṣe yín, kò sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe. Ẹ kọ ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti iye tó gbà. Ohun tí abala 419 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa, tí gbogbo ayé fi ń pe gbájúẹ̀, dá lé ni gbígba nǹkan ẹlòmíràn nípa irọ́, nítorí náà irọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa wá nínú ìwé yín.

"Rẹ́ jẹ" fẹ̀ ju "cheat" lọ. Ọ̀gá tó ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún yín ní gbangba, tí ẹ jọ fọwọ́ sí i, ń rẹ́ yín jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò parọ́ fún yín. "He underpays me" ni ẹ máa kọ. "Cheat" ní àìṣòótọ́ nínú.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn tó jọra lójú

"Deceptive" ni ohun tó lè tan èèyàn jẹ, "deceitful" ni èèyàn tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú odò Ọ̀ṣun lè pa rọ́rọ́ nígbà tí ìṣàn abẹ́ rẹ̀ le: "The calm is deceptive." Ẹ má pe odò ní "deceitful". "Elusive" ni èyí tí ọwọ́ kì í tó. "Illusive" ni èyí tí kò sí rárá, ojú ló ń rí i bí ẹni pé ó wà. "Allusive" ni ọ̀rọ̀ tó ń fẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ka sí nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán ara yín wò

Fún ẹ̀yin tó ń múra UTME, ọgọ́ta ni ìbéèrè Use of English, àwọn kan nínú wọn sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ìtumọ̀ jù. Ẹ ka gbólóhùn náà tán kí ẹ tó mú lẹ́tà. Ẹ bo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ kọ tiyín kọ́kọ́.

1. Olùkọ́ ní ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò. Ó ṣì í, Ọjọ́bọ̀ ni.
2. Ọmọ náà di ikùn mú kó má bàa lọ sílé ìwé.
3. Mo bi akápò ẹgbẹ́ pé èló ló kù. Ó ní, "Ẹgbẹ́ wa ò jẹ gbèsè rí."
4. Wọ́n pè é sí ìpàdé ẹbí, kò lọ, torí kò fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà.
5. Télọ̀ ní, "Mo ti fọwọ́ kan aṣọ yín, mà." Lóòótọ́, ó fi ọwọ́ sún un kúrò lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn. Èkíní: "misled", torí kò mọ̀ọ́mọ̀. Èkejì: "feigned illness". Ẹ̀kẹta: "evaded the question". Ẹ̀yin tí ẹ kọ "equivocated", ẹ tún un wò: ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ akápò ní, ìbéèrè mìíràn ló kàn dáhùn. Ẹ̀kẹrin: "avoided". Tí ẹbí bá ti sọ ọ́ di dandan fún un, "evaded" lè wọlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ ń gbè lẹ́yìn kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ̀karùn-ún: "equivocated", torí "fọwọ́ kàn" lè jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ kàn án lásán.